"Iṣẹ́ ewé" wo nìyẹn? Àlàyé lórí ọgbà àárín ìlú àti ohun tí wọ́n ń pè ní green job

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Kabba ló pè mí dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní "iṣẹ́ aláwọ̀ ewé" àti bí a ṣe ń dá ọgbà sáàárín ìlú, ọmọ wọn obìnrin sì ti ń wá owó fọ́ọ̀mù kiri. "Àbúrò, irú iṣẹ́ ewé wo lèyí? Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ mi di oníṣègùn ni?" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ọ̀dà ni, pé wọ́n fẹ́ kun ilé ìjọba. Ẹlòmíràn ní owó ló ń bọ̀, kí wọ́n ṣáà forúkọ sílẹ̀.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ariwo ọjà ò jẹ́. Ohun tó ń rú wọn lójú ni pé ìkéde yẹn ki nǹkan mẹ́ta bọ inú àpò kan: ọgbà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára tan, ṣùgbọ́n orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní. Èèyàn lè dá ọgbà kó má sọ ọ́ di iṣẹ́ láéláé. Èèyàn sì lè gba sàtífíkéètì kó má mọ bí hóró tẹ̀tẹ̀ ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká tú àpò náà.

Kí ni green job gan-an?

Iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tàbí tó ń tún èyí tó ti bàjẹ́ nínú wọn ṣe, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé inú orúkọ náà kò ju àpèjúwe lọ, bí ìgbà tá a bá sọ pé ilé kan tutù. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ìyẹn ILO, tún fi ohun kejì kún un, òun sì ni àwọn tó ń polongo máa ń gbàgbé: iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọmọlúàbí, tó ń mú owó tó ṣeé jẹun wọlé, tí kò sì ní kó àìsàn ran ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ wo ọmọ tó ń fọwọ́ lásán ṣa ike lórí ààtàn, tí ìgò ń gé e lẹ́sẹ̀, tí ẹni tó ń rà á sì ń díye lé e bó ṣe wù ú. Ó ń ran ìlú lọ́wọ́ o, nítorí ike tó ṣà kò ní di gọ́tà mọ́. Síbẹ̀ tiẹ̀ kò tíì di green job. Bá a bá fún un ní bàtà, ìbọ̀wọ́, òṣùwọ̀n àti iye kan pàtó lórí kìlógíráàmù, iṣẹ́ kan náà yẹn ti di ohun mìíràn.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í lóye. Ẹni tó bá ń fi iná sungbó lọ́dọọdún, tó ń rọ oògùn apakoríko sétí odò táwọn èèyàn ń pọn mu, àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn tí à ń wí. Mẹkáníìkì tó ń gba ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì dípò kó dà á sílẹ̀ lè sún mọ́ ọn jù ú lọ.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa nílẹ̀ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí níhìn-ín? Sólà ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí epo fò kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà sí ohun tó ju 500 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́ ti ń ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pánẹ́ẹ̀lì ti ń pọ̀ lórí òrùlé, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yọnu, ládùúgbò tèmi, Lokoja tàbí Ìlọrin la ti ń pe ẹni tó máa wò ó, a ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ bọ̀. Ọmọ Kabba, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n so dáadáa kò ní jókòó sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ irúgbìn káṣú. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kó káṣú jáde jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn igi wa sì ti ń darúgbó, nítorí náà ẹni tó bá lè tọ́ ọmọ káṣú tó dára sínú ọ̀rá dúdú ti ní oníbàárà. Kíkó pàǹtírí àti yíyà á sọ́tọ̀ wà níbẹ̀, títa ajílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọgbà ẹ̀fọ́ kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Òkè òkun ni. Ní South Bronx, apá kan nílùú New York tí pàǹtírí àti èéfín ọkọ̀ ti sú àwọn olùgbé rẹ̀, Majora Carter dá ẹgbẹ́ Sustainable South Bronx sílẹ̀ ní 2001. Ní 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará àdúgbò tí kò níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tún etí odò ṣe, bí wọ́n ṣe ń gbin igi sígboro tí igi náà á sì yè, títí dórí gbígbin ewéko sórí òrùlé. Ní 2007, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó fàyè gba mílíọ̀nù 125 dọ́là lọ́dún fún irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé "fàyè gbà" ni mo sọ. Owó tí òfin fàyè gbà àti owó tó jáde, ọmọ Nàìjíríà kì í ṣi méjèèjì mú.

Tiwa dé ní 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́, tí wọ́n sì ṣèlérí níbi àpérò àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tí igbó àti ilẹ̀ rẹ̀ lè fà mu lọ. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ green job ti ń jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá ní ètò kan láti polongo.

Ṣebí àwa náà ti ń dá ọgbà tipẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ìyá wa kò dá oko kan ṣoṣo. Oko ẹgàn wà lọ́nà jíjìn, níbi tí iṣu wà. Oko etílé wà nítòsí, èyí tí èèyàn lè sáré dé kí ọbẹ̀ tó hó. Àkùrọ̀ sì wà létí odò, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ tán, tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbà àárín ìlú, oko etílé ni, àfi pé ilé ti yí i ká.

Àwọn ará Havana ní Cuba ló fi hàn pé ọgbà irú èyí lè bọ́ ìlú ńlá. Nígbà tí Soviet Union tú ká ní 1991, epo àti fatiláísà tí Cuba ń rí gbà lọ́dọ̀ wọn dáwọ́ dúró, oúnjẹ sì di wàhálà. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́ sí gbogbo àlàfo tó wà láàárín ilé, kódà níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì òkúta. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù yíká, wọ́n bu ilẹ̀ tó lọ́ràá sínú rẹ̀, wọ́n gbìn ín.

Ìgboro ní ọ̀tá tirẹ̀ tí oko kò ní. Àkọ́kọ́ ni ewúrẹ́. Mo ti rí ọgbà tó kú nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, mo ti rí èyí tí tata jẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ewúrẹ́ ti parí kò lóǹkà, èyí tó sì ń dunni ni pé ewúrẹ́ náà ní olówó, olówó náà sì lè jẹ́ àna ẹni. Ọparun tàbí àwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra irúgbìn.

Èkejì ni ilẹ̀ tí kò mọ́. Ẹ má gbin ohun jíjẹ síbi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì. Òjé wà nínú bátìrì, kì í jẹrà, ó sì máa ń kóra jọ sínú ara ọmọdé. Ẹ má sì fi omi gọ́tà wọ́n ẹ̀fọ́, bó ti wù kí ọ̀dá tó.

Mo ń gbé inú yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀, ibo ni mo fẹ́ gbìn ín sí?

Inú àpò. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni. Ẹ wá agolo mílíìkì ńlá kan, ẹ gé ìdí àti orí rẹ̀ kó di ihò látòkè délẹ̀. Ẹ gbé e sí àárín àpò, ẹ rọ òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo náà, kí ẹ wá bu ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti pò mọ́ ajílẹ̀ yí i ká. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ bá ẹnu agolo dọ́gba, ẹ fà á sókè díẹ̀, òkúta á dúró sáyè rẹ̀. Ẹ tún rọ òkúta, ẹ tún bu ilẹ̀, títí àpò fi kún. Nígbà tẹ́ ẹ bá fa agolo jáde tán, òpó òkúta ló máa wà láàárín àpò náà, òun sì ni ọ̀nà omi. Àìsí òpó yẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé gbígbìn sínú àpò kò ṣeé ṣe: òkè nìkan ni omi ń rin, ìsàlẹ̀ gbẹ bí iyanrìn. Ẹ wá fi ọ̀bẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àpò, kí ẹ fi ọmọ ṣọkọ̀ tàbí tẹ̀tẹ̀ há a. Ata àti tòmátì lórí, ẹ̀fọ́ ní ẹ̀gbẹ́.

Omi ńkọ́, nígbà tí kànga bá ti ń gbẹ? Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn, nítorí kò le: bí òjò bá rọ̀ tó mìlímítà kan sórí mítà kan níbùú lóròó, omi lítà kan nìyẹn. Ká ní òrùlé yín jẹ́ mítà márùn-ún níbùú àti mítà mẹ́jọ lóròó, ìyẹn irú mítà kan níbùú lóròó bẹ́ẹ̀ lọ́nà 40, tí òjò kan sì rọ̀ tó mìlímítà 20. Lítà 800 ló ṣàn kúrò lórí páànù yẹn, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá mẹ́rin, láti inú òjò kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú wa kò rí ju korobá méjì gbé sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ lọ, ìyókù á lọ máa gbẹ́ ojú títì. Kìkì pé kí ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ ṣàn dànù, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí páànù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ajílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbà àti ìmọ́tótó ìlú ti pàdé. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ tó rọ, pòròpórò àgbàdo, gbogbo ohun tí à ń dà sí gọ́tà lọ́jọ́ ọjà ló lè padà di ilẹ̀dú. Ohun tí à ń ṣe kò ju pé ká to nǹkan gbígbẹ àti nǹkan tútù léra wọn: bíi ìwọ̀n mẹ́ta ewé gbígbẹ tàbí pòròpórò sí ìwọ̀n kan èèpo tútù tàbí ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ wọ́n omi sí i títí tó fi rin bíi kànìnkànìn tẹ́ ẹ ti fún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ ki irin kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ yọ ọ́ wò: bí kò bá ṣeé dì mú pẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Ooru yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ irú koríko àti ẹyin kòkòrò. Ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bó bá tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, á dúdú, á fẹ́lẹ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni yóò máa rùn.

Ìkánjú ṣe mí léṣe níbí. Lọ́dún kan, ní ìparí òjò, mo rí ìgbẹ́ adìẹ tútù gbà lọ́fẹ̀ẹ́, mo bá dà á sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo gbọ́n. Ní ọjọ́ karùn-ún, etí ewé ti pọ́n bí ohun tí iná rà, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, mo ti ń fọwọ́ fà wọ́n tu. Ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa wò mí láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Ṣé o se é kó o tó fún wọn jẹ ni?" Ìgbẹ́ adìẹ lágbára ju ti màlúù lọ, ó gbọ́dọ̀ gbóná kó sì jẹrà fúnra rẹ̀ kó tó kan gbòǹgbò.

Kí ni wọ́n ń kọ́ni ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi?

Èyí tó dára máa ń kọ́ni ní ohun tí mo sọ lókè yìí, á sì fi ọmọ irúgbìn títọ́ kún un, pẹ̀lú ìtọ́jú kòkòrò láìsí májèlé: ewé dongoyaro tí a gún, tí a rẹ mọ́jú, tí a sẹ́, tí a fi ọṣẹ díẹ̀ sí kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ń ya ẹni tó níṣẹ́ sọ́tọ̀ sí ẹni tó ní ọgbà ni ìwé owó. Ká ní ẹ gbin bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ kan. Irúgbìn 500 náírà, ajílẹ̀ 1,000, omi 1,500, ọkọ̀ 800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,800. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ta ìdì 20 ní 300 náírà, ó di 6,000. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ jẹ́ 2,200 náírà fún oṣù kan. Owó ọbẹ̀ nìyẹn, kò tíì di owó iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di iṣẹ́ nìyí: bẹ́ẹ̀dì kò ní jẹ́ ọ̀kan, wọn ò sì ní gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbin ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí tó fi di mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti ṣeé tu, kò ní sí ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní rí nǹkan tà, oníbúkà tó ń ra ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ á sì lè gbẹ́kẹ̀ lé yín. Oníbúkà kò fẹ́ ẹ̀fọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó má ṣáà tán ni tirẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ta ẹ̀fọ́ rárá: wọ́n ń ta ọmọ irúgbìn tàbí ajílẹ̀ inú àpò, tàbí kí wọ́n gba owó iṣẹ́ láti bá àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ráyè tọ́jú ọgbà ilé wọn. Ní tèmi o, ibẹ̀ ni owó wà jù.

Ṣé kí ọmọ mi san owó fọ́ọ̀mù?

Mo ti san irú rẹ̀ rí. N kò ní dárúkọ àwọn tó gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la lò nínú gbọ̀ngàn kan, fáànù ń fẹ́ wa, wọ́n ń fi àwòrán ọgbà òyìnbó hàn wá lára ògiri. Wọ́n fún wa ní fìlà, ìrẹsì inú ike àti sàtífíkéètì. A ya fọ́tò. Títí a fi tú ká, kò sẹ́ni tí ìdọ̀tí kan èékánná rẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń gbìn ín. Bí wọn ò bá ní ilẹ̀, wọn ò lè kọ́ni. Ẹ bèèrè ọ̀sẹ̀ mélòó ni, nítorí tẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láti ilẹ̀ dé ọjà, ajílẹ̀ sì nílò oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta kò lè fi òpin ọ̀kankan nínú méjèèjì hàn yín. Ẹ bèèrè àwọn tó ti kọ́ ọ kọjá, kí ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí. Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i: NABTEB, tó wà láti 1992, ló ń ṣèdánwò iṣẹ́ ọwọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, NDE tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986 náà ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwa ní Kabba tún lóríire kan tí a kì í lò: ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó jáde níbẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ọ̀kan nínú wọn lè kọ́ ọmọ yín ní ẹ̀yìnkùlé fún iye tí kò tó ti fọ́ọ̀mù.

Bí ilẹ̀ kì í bá ṣe tèmi ńkọ́?

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ládùúgbò, ẹni tó ni pápá tó ṣófo yẹn lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ojú ìwé kan tí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí: títí di ìgbà wo, àti pé tó bá fẹ́ kọ́lé, yóò jẹ́ kẹ́ ẹ kórè ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ má sì gbin igi. Ẹ̀fọ́ lẹ tọrọ àyè fún. Níbi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin ọ̀pẹ tàbí ọsàn sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti ń sọ pé òun náà ní ìpín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n alálùbọ́sà lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo sì rò ó fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí dórí tẹ̀tẹ̀, wọ́n wá dá mi dúró. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n kan jáde lábẹ́ tábìlì: àlùbọ́sà tó ti ń hù ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ lọ dà nù. "Èyí ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n rì í sínú àpò tó ní ilẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Bó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé rẹ̀ ti ṣeé gé tà fún àwọn tó ń din ìrẹsì, ó sì tún máa rú. Wọ́n wo agbọ̀n náà fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá pe ọmọ wọn obìnrin pé kó lọ bèèrè àpò ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á lápá kejì, kó má sì san ju 200 náírà lọ.